Ẹni Tó Kọ Lẹ́tà Kó Tó Lọ

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Iṣẹ́ ọba l'Ábújá nìkan ni a ti rí i tí onílé ń kanlẹ̀kùn tí wọ́n ń bi í pé ta ni.

A mọ obìnrin kan ní Kubwa, l'Ábújá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ipele 12 nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí òkè òkun. Ó kọ́kọ́ tọrọ ìsinmi àìgbowó-oṣù tí òfin fàyè gbà. Èsì ò dé títí físà fi fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ló bá kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó fún wọn ní oṣù kan gbáko bí òfin ṣe wí, ó dá káàdì wọn padà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló dé láti tọrọ iṣẹ́ rẹ̀ padà, tòun ti ẹ̀dà lẹ́tà yẹn nínú ọ̀rá, òǹtẹ̀ búlúù orí rẹ̀ ti ń ṣá. Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kó lọ kọ̀wé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ipele 8. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìgbéga ń gbà níbẹ̀: 8 sí 9, 9 sí 10, 10 sí 12 (ìjọba kì í ka 11, ẹ má bi wá). Ọdún 9 nìyẹn kó tó padà síbi tó ti kúrò, bí ìgbéga ò bá falẹ̀. Ó sì máa ń falẹ̀.

Ọkùnrin kan tóun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè òkun ní tirẹ̀ láìdágbére. Owó oṣù ń wọlé, ẹnì kan ń bá a fọwọ́ sí ìwé ìwásíṣẹ́, ọ̀gá ń wòran. Nígbà tí òtútù lé e wálé, ó wọ bọ́ọ̀sì Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Lọ́dún 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí irú wọn dá owó tí wọ́n jẹ padà, kí ọ̀gá tó bò wọ́n náà jìyà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń ro ti ẹni tó kọ lẹ́tà?

Kì í ṣe pé ìjọba ò mọ ọdún iṣẹ́ kà. Ẹni tó bá gbàwé ìṣípòpadà láti iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wá sí ti àpapọ̀, ọdún rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì pàápàá kì í ṣe àwáwí mọ́: òfin 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100, kí ìjọba dá 10 lé e, orúkọ òṣìṣẹ́ ló sì wà, ibi yòówù kó lọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Àjọ tó ń rí sí Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, tí kò jẹ gbèsè, tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, kó lè padà sí ipele rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún bí àyè bá wà, kí èsì ìwé rẹ̀ sì jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tó dúró yóò kùn, wọn ò sì jẹ̀bi. Nítorí náà kó tò sẹ́yìn gbogbo ẹni tó bá nípele ọ̀hún. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kó má jẹ́ ojú àánú ọ̀gá kan ni èèyàn yóò máa wò.

Kí wọ́n sì tètè ṣe é. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, òfin ò gbà á síṣẹ́ tuntun mọ́. Obìnrin Kubwa yẹn ti pé 46.