Àtúnṣe: Ìdajì ọmọ tuntun kọ́ ni kíndìnrín wọn wú
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri orí fóònù ní Kàbà àti Ìsánlú pé, nínú ọmọ tuntun méjì, kíndìnrín ọ̀kan ti wú látinú oyún, pé kí ìyá tètè fún un ní àgbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú oyún 100 tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, bíi 1 sí 5 ni wọ́n ti ń rí wíwú yìí, èyí tó pọ̀ jù kò sì le, fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà ṣàn, tàbí tó ń padà sókè láti inú àpò ìtọ̀, wà lára ohun tó ń fà á. Àgbo kò lè la ọ̀nà yẹn, ó sì lè pa kíndìnrín ọmọ lára. Bí ọmọkùnrin yín bá ń tọ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ẹ gbé e lọ sí ọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àníyàn ọmọ ló mú kí àwọn ènìyàn pín àtẹ̀jíṣẹ́ náà; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí wọn.