Abẹ́rẹ́ tuntun kì í ṣe ìgbọ̀jẹ̀gẹ́

Inú ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń fún àwọn tó ń gún oògùn olóró sára ní abẹ́rẹ́ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ṣé wọ́n máa ń ra kọ́ọ̀bù fún ọ̀mùtí ni? Mi ò bá wọn jà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti jí góòlù ẹ̀ tà nítorí oògùn ò ní fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àmọ́ ẹ wò ó. Èèyàn mẹ́rin jókòó sábẹ́ bíríìjì, síríńjì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ẹni àkọ́kọ́ gún un, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá òun ti bá iṣan, ẹ̀jẹ̀ sì wọ inú ẹ̀. Wọ́n fi píọ̀ wọ́tà ṣàn án, ó di ọwọ́ ẹnì kejì. Omi yẹn ò lè pa kòkòrò HIV, kò lè pa ti àrùn ẹ̀dọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sì ní ìyàwó o, wọ́n ń bímọ.

Ìwádìí ọdún 2018 fojú bù ú pé nǹkan bí 80,000 èèyàn ló ń gún oògùn sára ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 2020, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 11 ló ní HIV. Láàárín gbogbo ará ìlú, kò pé 2.

Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọlọ́pàá ń gba síríńjì lọ́wọ́ àwọn tó ń gún oògùn, ó sì ṣòro fún wọn láti rí i rà. Wọn ò torí ẹ̀ jáwọ́, wọ́n kàn ń pín ẹyọ kan lò ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 164 tó ń lo oògùn olóró heroin wò ní Muirhouse, àdúgbò kan níbẹ̀, ó lé ní ìdajì wọn tó ti kó HIV. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń pín abẹ́rẹ́ àti methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin.

Oníkẹ́míìsì kan lé ọmọkùnrin kan dànù lójú mi torí pé ó fẹ́ ra síríńjì. Ṣé ọmọ yẹn máa torí ẹ̀ lọ sùn ni?

Ní 2020, wọ́n dán pínpín abẹ́rẹ́ wò ní Ọ̀yọ́, Gombe àti Abia. Ẹni tó ń sá fún NDLEA, tójú ń tì láti wọ ọsibítù, ibi tí wọ́n ti ń pín in ló ti lè rí nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kí wọ́n sì júwe Àrò, ọsibítù tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, fún un tó bá ṣe tán láti jáwọ́. Kí ìjọba jẹ́ kó kárí Èkó, níbi tí ìwádìí 2018 ti rí i pé lílo oògùn pọ̀ jù lọ, kí ọlọ́pàá má sì tìtorí síríńjì mú ẹnikẹ́ni.