Íńdíà kò fi góòlù 99 na Nàìjíríà rí

Wọ́n tún ti ń pín in kiri pé Íńdíà na Nàìjíríà ní 99 sí 1, pé Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ló gbá ẹyọ kan náà wọlé kó tó kú. Kì í ṣe òótọ́ rárá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Súrùlérè. Àǹgólà là ń bá gbá. Àìsàn ọkàn ló pa á, ẹni ọdún 25 péré. Góòlù Stephen Keshi la fi borí, 1 sí 0.

Ẹ ṣírò ó wò: góòlù 100 ní ìṣẹ́jú 90, tí wọ́n á sì máa yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n padà sáàárín pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan! Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ìdíje wò lórí ìkànnì FIFA. 31 sí 0 tí Ọsirélíà fi na American Samoa ní 2001 ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí 99. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ìyẹn.