Ẹ má fi orúkọ Àǹtí mi tọrẹ

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Láti àárọ̀ ni gbogbo ẹbí ti ń kí Àǹtí mi kú oríire lórí WhatsApp, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Èmi ò bá wọn kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń dín ìpékeré tà ní London níbí. Ilé ìtajà ńlá kan ti wá bá wọn pé àwọn fẹ́ máa kó ọjà wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìtajà náà ni wọn yóò tẹ̀ sára ọ̀rá. Kò ní sí orúkọ Àǹtí mi níbì kankan, iye tí wọ́n sì fẹ́ san lórí ọ̀rá kan kò tó ìdajì iye tí à ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹ ń torí ẹ̀ dúpẹ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dín ìpékeré yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n rárá ni wọ́n ń lò, nítorí èyí tó bá ti ń pọ́n ti ní ṣúgà nínú, á ti dúdú kó tó gbẹ. Wọn kì í rẹ́ ẹ sílẹ̀ de òróró. Orí ìkòkò gan-an ni wọ́n máa ń gbé irin ìrẹ́gé sí, wọ́n á máa fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ẹ̀, á máa já bọ́ sínú òróró gbígbóná lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Bí ariwo òróró bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á bu omi iyọ̀ díẹ̀ lé e lórí. Á hó ṣàà! Ooru á bo wọ́n lójú, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á tún padà síbẹ̀. Omi á gbẹ dànù, iyọ̀ á kù lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkòkò kan tán, ó di òmíràn. Ẹ wo ọwọ́ wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí wọn, àpá òróró ló kún ibẹ̀.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo fi ìtàn Tyrrells ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ẹ mọ Tyrrells, ìpékeré pòtétò olówó gọbọi, tí fọ́tò àtijọ́ máa ń wà lára ọ̀rá ẹ̀. Àgbẹ̀ pòtétò kan, William Chase, ló dá a sílẹ̀ ní 2002 ní Herefordshire, nínú oko rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tyrrells Court. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń ta pòtétò fún, ẹnu wọn ló sì ń wò. Ló bá kúkú ń dín in fúnra ẹ̀, tòun tèèpo, ní ìkòkò-ìkòkò. Bí pòtétò tútù bá ti wọ òróró, ooru òróró á wálẹ̀, á tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó le lẹ́nu ju èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń dín láìdáwọ́dúró. Ọgbọ́n tó wà nídìí ìkòkò Àǹtí mi náà nìyẹn o, òun ló sì sọ ọ̀rá Tyrrells di ọ̀wọ́n.

Ní 2006, Tesco, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan níbí, gba ẹ̀yìn rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n gbé e sórí àtẹ, wọ́n sì gé owó ẹ̀. Chase kò fẹ́ kí wọ́n máa tà á. Ó fi ilé ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ wọn, Tesco sì kó o kúrò nílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo!

Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé òyìnbó ni, ó sì ní ilẹ̀, mo ti gbọ́. Àbúrò wa kan tiẹ̀ dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ ka ìtàn náà parí." Mo ti kà á parí. Ní 2008, Chase ta èyí tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ náà fún Langholm Capital, àwọn olówó tó ń ra ilé iṣẹ́ láti fi jèrè, ní nǹkan bíi £40 mílíọ̀nù. Ní 2013, Investcorp, irú wọn náà, rà á ní £100 mílíọ̀nù. Amplify, ilé iṣẹ́ ìpápánu ti Amẹ́ríkà, rà á ní 2016 ní £300 mílíọ̀nù. Ní 2018 ó bọ́ sọ́wọ́ KP Snacks, ilé iṣẹ́ ìpápánu níbí, àwọn ará Jámánì ló sì ni KP. Lónìí, ẹ wọ Tesco, ẹ máa bá Tyrrells níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin yẹn tà. Ó dúró ti orúkọ náà títí ó fi lówó lórí kó tó gbé e sílẹ̀. Ti Àǹtí mi kò tíì lówó lórí, wọ́n sì ti fẹ́ nù ún kúrò. Tí wọ́n bá rí ẹni tó ń dín in ní pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni oníbàárà máa wá bèèrè?

Àǹtí mi fúnra wọn pè mí nírọ̀lẹ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ejìká ń dùn mí. Owó ilé ìdáná tí mò ń háyà ti tún gbéra. Orúkọ tí o ń jà fún yìí, ṣé ìwọ lo máa wá dín in?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi náà ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mi ò sì lè dúró nídìí òróró fún wákàtí kan.

Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n má tíì tọwọ́ bọ̀wé. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àbí mo fẹ́ dí wọn lọ́nà ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti ta ọjà fún irú ilé ìtajà báyìí rí, ṣé wọ́n máa ń gbà kí orúkọ ẹni tó dín in wà lẹ́yìn ọ̀rá, kódà kó kéré? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Wọ́n ń retí èsì Àǹtí mi lọ́jọ́ Ẹtì.