Àtúnṣe: Oyè orílẹ̀-èdè dé ọwọ́ Bàbá Akínkùnmí kí wọ́n tó papòdà

Láti ìgbà tí Bàbá Táíwò Akínkùnmí, tí wọ́n ya àsíá Nàìjíríà, ti papòdà ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 87, ni àwọn èèyàn ti ń pín in kiri pé ìjọba kò fi ohunkóhun dá wọn lọ́lá rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nígbà tí àwòrán wọn gbégbá orókè, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fún wọn ní OFR, ọ̀kan lára àwọn oyè orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ẹni tó bá ń dárò wọn lè sọ pé ọlá náà pẹ́ kó tó dé, nítorí òótọ́ nìyẹn, ó sì dùn mí dọ́kàn. Odindi ọdún 54 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa àsíá náà sókè ní 1960 àti ìgbà tí oyè yẹn dé, tí Bàbá sì ń gbé jẹ́ẹ́ n'Íbàdàn, nínú ilé tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti funfun kùn bí àsíá gan-an.