Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò dé ìdí ẹ̀rọ
Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí ìròyìn kan tí mo kà sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣe ti tó láti dín ìjàǹbá kù. Ní ilé iṣẹ́ oníke tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ọ̀gá wa a máa lọ síbẹ̀, ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri, síbẹ̀ wọ́n ti tú ìdérí irin ẹnu ẹ̀rọ tí ń lọ ike kúrò kí iṣẹ́ lè yá, títí ẹ̀rọ náà fi gé ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú láti inú àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dá owó sí fún irú èyí.

Ẹni tí ó kọ̀wé ṣáájú mi lórí ìròyìn náà pé àìfiyèsí òṣìṣẹ́ ló ń fa ìjàǹbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó tú ìdérí náà? Kí ẹgbẹ́ yìí gbé ẹ̀kọ́ wọn wá sí ìdí ẹ̀rọ, lóru, ní èdè Yorùbá.