Ẹ pèsè ọkọ̀ kí ẹ tó gbówó lé epo

Ẹ jẹ́ ká ya orílẹ̀-èdè Faransé ná. Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ fi kún owó orí epo mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, wọ́n ní nítorí ojú ọjọ́ ni. Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn odi ìlú, tí wọn ò lè débi iṣẹ́ láìwa ọkọ̀, ló kọ́kọ́ fárí gá. Lọ́jọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 2018, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí òfin ní kí awakọ̀ máa gbé sínú ọkọ̀, wọ́n dí oríta. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Ààrẹ wọn, Macron, ṣẹ́ èyí tó pọ̀ jù kúrò nínú owó orí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń san lórí ọrọ̀ wọn. Ta ni kò ní bínú?

Ta ló ń gbé Ìkòròdú tiwa níbí náà? Òṣìṣẹ́ tí owó ilé Yábàá àti Ìkẹjà lé dé ibí ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, lítà epo tí kò tó igba náírà di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní gáréèjì, kọ̀ndọ́ọ̀ tó ń pe "Mile 12, Kẹtu, Ọjọ́ta" kàn pààrọ̀ iye tó ń pè ni. Ẹni tówó rẹ̀ ò pé sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ṣírò.

A ò ní kí owó ìrànwọ́ wà títí ayé. A mọ àwọn tó sanra nídìí rẹ̀. Àwa ní kí ọkọ̀ ṣíwájú. Láti 2015 ni BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, ti ń ná Ìkòròdú sí Mile 12, ọkọ̀ ojú omi sì ń ti èbúté Ìpakodò lọ Falomo. Kí ìjọba sọ wọ́n di púpọ̀, kówó wọn wálẹ̀, kó tó tún fọwọ́ kan epo.

Òótọ́ ni pé àwọn kan lára àwọn ẹlẹ́wù ìyeyè Faransé jó mọ́tò ní Paris, wọ́n ba Arc de Triomphe, ilé ìrántí ńlá ibẹ̀, jẹ́. A ò gbè sẹ́yìn ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba fi wọ́gi lé owó náà, tó wá gbé ìjíròrò gbogbogbòò kalẹ̀ lọ́dún 2019. Ìjíròrò tó yẹ kó ṣíwájú ló wá kẹ́yìn! Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ ní 2012: lítà epo kúrò ní náírà 65 bọ́ sí 141, ìyanṣẹ́lódì ló fà á wálẹ̀ sí 97.

Nítorí náà, kí aṣòfin tó ń ṣojú Ìkòròdú l'Abuja pe ìpàdé níbí kó tó dìbò fún owó orí tuntun kankan. Kó gbé ìṣirò owó ọkọ̀ dání wá.